Ẹṣin Tí Kò Lè Nàgà Mọ́

Bí ẹ bá fẹ́ kó kúrò nílé ládùúgbò náà, tí ẹ wá ń béèrè ẹni tó lè bá yín kó ẹrù, Má-Gbé-e-Sílẹ̀ ni wọ́n máa júwe fún yín. Orúkọ yìí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀. Bí ẹrù bá ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹnu mọ́ fún wọn: "Má gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹrù sílẹ̀ láàárín àtẹ̀gùn, ìlọ́po méjì ló máa wúwo nígbà tó bá fẹ́ gbé e padà." Ó wí i títí tí àwọn ọmọdé àdúgbò fi ń fi kí i bó bá ń kọjá. Inú kì í bí i sí i. Ẹ̀rín ló máa ń rín, á sì juwọ́ sí wọn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó jí ní kùtùkùtù, ó ń wọ ilé ìdáná lọ bu omi mu ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ àpótí ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ.

"Ta ló gbé àpótí síbí?"

"Èmi ni, Bàbá," ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Sísí dá a lóhùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó fẹ́ràn oge, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. "Ṣúgà ni mo fẹ́ mú lókè."

"Ìwọ tó o ga tó báyìí? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò tiẹ̀ lè nàgà mú nǹkan mọ́."

Sísí rẹ́rìn-ín, ó gbé àpótí náà kúrò lọ́nà. Bàbá mu omi rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ ló ní iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àjà kẹrin ni ilé rẹ̀ wà, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè níbẹ̀. Má-Gbé-e-Sílẹ̀ fẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó fi òkúta há táyà, ó ki ọwọ́ bọ inú róòlù téèpù bí ẹni wọ ẹ̀gbà, bó ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú gòkè lọ láti máa fi ìwé ìròyìn di àwo àti ife, nítorí òun ni alábòójútó ohun tó lè fọ́. Àkọ́bí wọn ọkùnrin, Ẹṣin, ló ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń di irin àtẹ̀gùn mú.

Wọn ò ṣèèṣì sọ ọ́ ní Ẹṣin. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè bá a sáré. Bàbá rẹ̀ a máa fi yangàn níbi gbogbo tó bá ti rí ẹni gbọ́ ọ. Àmọ́ láti nǹkan bí ọdún kan, ẹṣin ò sáré mọ́. Bó bá jókòó sílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń ti itan kó tó lè dìde. Ó ti ṣubú rí lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí kò sí òkúta, tí kò sí ihò. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí àwọn mú ọmọ yìí lọ sí ọsibítù. Bàbá ní kí wọ́n má dààmú dókítà. Ó ní fóònù tí ọmọ náà ń tẹ̀ ní àtẹ̀jù ló sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún bàbá yìí o, kì í ṣe ìkà. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ ló gbà gbọ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ fún un pé iṣan tó bá ya ló ń le. Òun náà sì rí i bẹ́ẹ̀: nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ẹrù, kò lè na apá láti yarun rẹ̀, ìgbà tó yá, apá náà le bí igi. Fún ìdí èyí, nínú ilé yẹn, ara ríro kì í ṣe àìsàn, ìròyìn ayọ̀ ni. Ẹni tó bá ní itan ń ro òun, ẹrù tó wúwo díẹ̀ sí i ni wọ́n máa gbé fún un lọ́jọ́ kejì, gbígbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn sì ni wọ́n máa fi í sí, nítorí bàbá ní ìsọ̀kalẹ̀ ló ń kọ́ itan. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á wá fi òróró gbígbóná wọ́ ẹsẹ̀ Ẹṣin, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi títí ọmọ á fi máa já aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dunni.

Lọ́jọ́ náà, ó kan kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan nínú ẹrù ìyá àgbà. Bàbá wà lókè, ó ní kí Ẹṣin bọ́ sísàlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wà lókè lónìí. Àtàná ni ẹsẹ̀ ti ń ro mí."

"Ríro yẹn gan-an la ń wá. Ìsàlẹ̀ ló yẹ ọ́."

Wọ́n gbé e. Wọ́n yí igun àkọ́kọ́, wọ́n yí ìkejì. Òógùn bo Ẹṣin lójú, itan rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé e sílẹ̀ díẹ̀."

"Má gbé e sílẹ̀."

"Bàbá, mi ò lè..."

"Mo ní má gbé e sílẹ̀. Igun kan ló kù."

Orúnkún ọmọ náà ká lábẹ́ rẹ̀. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn láìròtẹ́lẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù sì yọ̀ wá, ó há a mọ́ ògiri. Bàbá fi èjìká dá a dúró, ó pariwo pe àwọn tó kù, wọ́n sáré wá fà á kúrò. Egungun kankan ò dá. Ìyá àgbà tó ni ẹrù gbé omi wá, ó ń kí i pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu bàbá ni pé, "Ṣó o rí ohun tí àìṣe eré ìdárayá ń fà?" Ìyàwó rẹ̀ jáde sórí àtẹ̀gùn, ó mú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, ó wo ọkọ rẹ̀, ó lọ fa ọmọ rẹ̀ dìde.

Ẹṣin sinmi díẹ̀ nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ojú ń tì í, ó tún dìde lọ gbé àga. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé tuntun lọ́sàn-án, ó lọ tọ̀, ó sì padà wá dúró ti ìyá rẹ̀.

"Màámi," ó rọra sọ ọ́, "ìtọ̀ mi dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí."

Bàbá tó gbọ́ ní oòrùn ni, kó mu omi dáadáa. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Ẹṣin, ọdún kan ni mo ti ń wí i tí ẹ ò dá mi lóhùn. Mi ò tún wí i mọ́. Ẹ wa ọkọ̀ yìí lọ sí ọsibítù báyìí, àbí kí n dá ọkọ̀ ẹlòmíì dúró fún ọmọ mi?"

Bàbá wo ojú obìnrin náà, ó rí i pé kò sí àwàdà níbẹ̀. Ó bẹ ìyá àgbà pé kó fún òun láyè, wọ́n sì kó sínú ọkọ̀. Ìdajì ẹrù ìyá náà ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí wọ́n dé ọgbà ọsibítù. Ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì wo àga, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń kó wá síbí ni?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Dókítà tó rí wọn, obìnrin ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ó fi ọwọ́ wọn ọ̀pá ẹsẹ̀ Ẹṣin, ó ṣàkíyèsí pé iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní kó bọ́ bàtà, kó dúró.

"Nàgà fún mi. Ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ."

Ẹṣin na ọwọ́ sókè, ó na ọrùn. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀.

"Nàgà, jàre," bàbá rẹ̀ ní.

"Mò ń nàgà, Bàbá."

Bàbá wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ló wá yé e pé ọmọ yìí ò ṣe ọ̀lẹ.

Wọ́n gbà á sílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára kí kíndìnrín rẹ̀ má bàa bàjẹ́, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé ohun tó yẹ kó wà nínú iṣan ti ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ padà mọ́. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn láti fi wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn pẹ́ díẹ̀ kí èsì rẹ̀ tó dé. Ọjọ́ tó dé, dókítà pe bàbá, ìyá àti Ẹṣin jókòó sínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

"Ẹ là á fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀," bàbá bẹ̀ ẹ́. "Mi ò kàwé púpọ̀."

"Kò nílò ìwé," dókítà ní. "Àwọn nǹkan tíńtìntín tí ojú lásán ò lè rí ló kóra jọ di ara wa. Sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Awọ fẹ́lẹ́ kan ló bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú jáde, tí kì í sì í jẹ́ kí ti ìta wọlé bó ṣe wù ú. Bí ẹ bá gbé ẹrù, pàápàá bí ẹ bá ń gbé e sọ̀kalẹ̀, iṣan yín á máa nà bó ṣe ń fà, awọ yẹn á máa ya níbi púpọ̀. Tiyín ń ya. Tèmi náà ń ya."

"Ó ń ya, mo sì lágbára báyìí?"

"Torí pé ara yín ń lẹ̀ ẹ́ padà ni. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ kálísíọ́ọ̀mù, èyí tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ pé ó ń mú egungun le. Ó pọ̀ níta sẹ́ẹ̀lì ju inú lọ. Bí awọ bá ti ya, kálísíọ́ọ̀mù á ya wọlé láti ojú ihò yẹn, ìyẹn ni sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ̀ pé òun ti ń jò. Àwọn àpò kéékèèké wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Kíá, wọ́n á rọ́ lọ síbi ihò náà, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ awọ, ihò á dí. Ẹ lè má tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn yẹn tán tó fi máa parí."

Bàbá ronú sí i. "Bíi kátọ́ọ̀nù tó ya lójú ọ̀nà, tí a sáré fi téèpù lẹ̀."

"Ẹ yọ téèpù ọwọ́ yín yẹn fún mi."

Dókítà gé díẹ̀ nínú rẹ̀. Kátọ́ọ̀nù ìbọ̀wọ́ kan wà lórí tábìlì tí etí rẹ̀ ti ya. Ó dojú téèpù dé, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán tẹ ojú ibi tó ya, ó mú ọwọ́ kúrò. Téèpù já bọ́ sílẹ̀.

"Téèpù wà," ó ní. "Ó dé ibi tó yẹ kó dé. Ibi tó ní gọ́ọ̀mù ni kò kan kátọ́ọ̀nù. Ohun tó yẹ kó so àwọn àpò yẹn mọ́ awọ, purotéènì kan ni, ara ọmọ yín ò lè ṣe é bó ṣe yẹ. Àwọn àpò ń sáré dé ibi ihò, wọ́n kàn ń dúró síbẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì tí wọn ò bá lẹ̀ á jò, á kú, bó bá sì yá, ọ̀rá á gba ipò rẹ̀. Ohun tó jò yẹn lẹ rí nínú ìtọ̀ rẹ̀."

"Kí ló fà á?" ìyá béèrè. "Ṣé ẹnì kan ló ṣe é ni?"

"Rárá, Ìyá. Bí wọ́n ṣe bí i ni. Ìlànà tí ara fi ń ṣe gọ́ọ̀mù yẹn, méjì ni olúkúlùkù ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀kan ló bàjẹ́ lára tiyín, èyí tó dára ń gbé yín ró, ẹ ò lè mọ̀. Àwọn méjì tó bàjẹ́ ló wá pàdé lára rẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà."

"Àmọ́ ó máa ń sáré," bàbá ní. "Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló mọ̀ ọ́n."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sáré dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n lọ́lẹ."

Bàbá tẹrí ba. "Wọ́n kọ́ mi pé iṣan tó bá ya ló ń le."

"Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ lára yín. Lára tirẹ̀ ni kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo ń ya á, nígbà náà. Lójoojúmọ́. Mo tún ń fi òróró tẹ̀ ẹ́."

"Àìsàn yìí máa wá, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fi í jókòó sílé," dókítà dá a lóhùn. "Mi ò ní parọ́ fún yín ṣá. Ẹrù tó gbé sọ̀kalẹ̀ lọ́dún kan yìí ti mú un yá. Iṣan tó ti lọ ò ní padà. Èyí tó kù ló yẹ ká tọ́jú."

Má-Gbé-e-Sílẹ̀ bú sẹ́kún lójú ọmọ rẹ̀. Ẹṣin fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ dákẹ́. Èmi náà rò pé ọ̀lẹ ni mo ń ṣe ni." Ọ̀rọ̀ yẹn tún wá dun bàbá ju gbogbo ohun tí dókítà ti sọ lọ.

Dókítà jẹ́ kó sunkún tó, ó wá sọ ohun tó kù. Kò tíì sí oògùn tó lè wò ó sàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń wá a. Kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe eré ìdárayá tó máa jẹ́ kí ara ro ó mọ́jú. Kó máa rìn níwọ̀nba, kó máa lúwẹ̀ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bó bá rí omi, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù á máa tọ́ ọ sọ́nà. Kí ẹnì kankan má fi agbára wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mọ́. Kí wọ́n má ra abẹ́rẹ́ tàbí oògùn alágbára kankan fún un láìbéèrè, nítorí àwọn oògùn kan tó ń ran àwọn tó ní àìsàn iṣan mìíràn lọ́wọ́ kì í ran irú tirẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lè dá kún un. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá tún dúdú, kí wọ́n gbé e wá lójú ẹsẹ̀.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan," ó ní. "Ṣé ó ní àbúrò? Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bí, ó dà bí ìgbà tó na ọwọ́ mú ọ̀kan nínú ìwé mẹ́rin láìwò ó, tí ẹyọ kan nínú mẹ́rin náà sì burú. Ó lè bọ́ sí i lọ́wọ́, ó lè má bọ́ sí i."

Ìyá ń sọ fún dókítà pé ọmọbìnrin kan wà, ara rẹ̀ le, kò ṣubú rí. Àmọ́ bàbá ò gbọ́ ọ mọ́. Àpótí ilé ìdáná ló ń rò, èyí tó kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ tí Sísí ti máa ń na ọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀.

Wọ́n mú Sísí lọ, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ò ní nǹkan kan, pé òun lòun máa gba ipò bọ̀ọ̀dá òun nínú iṣẹ́, kí bàbá àwọn má bàa rò pé ilé ti tán. Bàbá ń rín ẹ̀rín sí i, kò tọkàn rẹ̀ wá.

Kí èsì tó dé, bàbá ti rí ilé kan tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Òkè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta ni wọ́n ń gbé látìgbà tí wọ́n ti bí àwọn ọmọ. Ẹni tó ti bá gbogbo àdúgbò kó ẹrù wá di ẹni tó ń kó ẹrù ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó, Ẹṣin jókòó sórí àga lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń júwe ibi tí wọ́n máa gbé ohun kọ̀ọ̀kan sí. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹrù tí bàbá rẹ̀ ì bá fi ọkọ̀ kó lẹ́ẹ̀mejì, ó tò ó débi tó fi gba ẹ̀ẹ̀kan. "Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?" bàbá bi í. "Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi mí sí ìsàlẹ̀, Bàbá, inú ọkọ̀ ni mo ń wò."

Bàbá wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Dókítà ni.

"Èsì ẹ̀jẹ̀ Sísí ti jáde," ó ní. "Ohun tó ń jò látinú iṣan yẹn ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò tíì ga tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ tètè mú un wá ni. A máa ṣe àyẹ̀wò kejì kó lè dá wa lójú, àmọ́ láti ìsinsìnyí, ẹ má jẹ́ kó gbé nǹkan wúwo."

Bàbá gbé ojú sókè. Sísí ń bọ̀ nígun àtẹ̀gùn, ó gbé kátọ́ọ̀nù àwo lọ́wọ́, ó gé ètè jẹ. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Igun kan ló kù, Bàbá. Mi ò ní gbé e sílẹ̀."

"Gbé e sílẹ̀."

Ó dúró. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà dúró. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ẹ ní?"

"Mo ní gbé e sílẹ̀, ọmọ mi. Ibẹ̀ yẹn náà, gbé e sílẹ̀."

Sísí gbé e sílẹ̀. Bàbá gun àtẹ̀gùn lọ bá a, ó jókòó tì í, ó sì sọ ohun tí dókítà sọ fún un. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ọmọ náà sunkún díẹ̀, ó gbé orí lé èjìká rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ẹrù rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, gbogbo ẹsẹ̀ tó ń ro kọ́ ló rí báyìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ la ṣe, bí a bá sinmi, á lọ. Àmọ́ bí ọmọ tó ń sáré tẹ́lẹ̀ bá wá ń di ògiri mú, bó bá ń fi ọwọ́ ti itan kó tó dìde, bó bá ń ṣubú níbi tí kò yẹ, kí ẹ tó pè é lọ́lẹ, ẹ ní kó bọ́ bàtà, kó nàgà. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ ò bá kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún iṣan. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má dúró dọ̀la. Bí wọ́n bá sì rí i lára ọ̀kan, ẹ mú àwọn yòókù lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Sísí ṣì ń rìn dáadáa. Ẹṣin ń fi ọ̀pá rìn, òun ló sì ń ṣètò gbogbo ẹrù tí ọkọ̀ náà ń kó. Àwọn ọmọdé àdúgbò ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ kí Bàbá Ẹṣin bó bá ń kọjá. Kì í bá wọn jà sí i, àmọ́ kì í dáhùn mọ́.